Kóńgò Tí Wọ́n Tẹ̀ Nídìí: Ọ̀rọ̀ Lórí Téèpù Fídíò Wa Àti Àwọn Tó Ń Bà Á Jẹ́

Ọ̀rọ̀ ìbínú la gbé wá lónìí, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á.

Bí ẹ bá dé Mile 12 láàárọ̀ Sátidé, ẹ lọ síwájú àwọn tó ń ta gààrí, kí ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń rajà. Kí ìyá kan tó sanwó, yóò gbé kóńgò, yóò yí i padà, yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Bí ó bá rí i pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nídìí, ẹ ó gbọ́ ariwo. Ìkúnwọ́ kan péré ló dín, ṣùgbọ́n ìyá náà kò ní gbà. Ó mọ̀ pé bí a bá ń yọ ìkúnwọ́ kọ̀ọ̀kan nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí a tó ra ogún kóńgò, ohun tó ti lọ kì í ṣe kékeré.

Àwọn ìyá kan náà yìí ló ń gbé téèpù ìgbéyàwó wọn àti téèpù ìsìnkú bàbá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Kétu pé kí wọ́n bá àwọn gbé e sórí fúláàṣì. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gba fúláàṣì, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó yí kóńgò yẹn padà wo ìdí rẹ̀. Àwa tí à ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ èdè Yorùbá, tí téèpù wọ̀nyí jẹ́ ìwé kíkà fún, àwa náà kò wò ó. Ìyẹn ló ń bí wa nínú jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn ní sáà tó kọjá. Màmá kan wà ní Ìkòsì, ládùúgbò tí ọ̀kan nínú wa ń gbé. Wọ́n ní téèpù VHS kan tí wọ́n fi gba ìsìnkú bàbá wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọdẹ ni bàbá náà. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ, wọ́n sun ìrèmọ̀jé fún un, àbúrò bàbá náà gan-an ló sì ṣáájú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú téèpù yẹn ló ti di ará ọ̀run. Nígbà tí Màmá ń gbé e lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ ṣe é dáadáa o. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe pe orúkọ bàbá mi."

A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu. Ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó dá wa lóhùn dáadáa. A bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa gbà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin?" Ó ní, "Àbúrò, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí wàhálà."

Wàhálà wà. Nígbà tí a jókòó sídìí iṣẹ́ náà, ohun mẹ́rin la bá níbẹ̀.

Èkíní, orí téèpù náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wa dúró kí àwòrán mọ́ kedere kó tó tẹ bọ́tìnì pé kí kọ̀ǹpútà máa gbà á. Ohùn ti ń lọ kí àwòrán tó mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọdẹ àgbà yẹn ti ń júbà, tó ń pe orúkọ òkú.

Èkejì, wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rò pé òun dé, ó so apá méjèèjì pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé kan ló ti fò sáàárín oríkì ìdílé mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdílé kan náà ni.

Ẹ̀kẹta, àwòrán ń sáré fi ohùn sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ẹnu àti ohùn bára mu. Nígbà tó fi máa di ogójì ìṣẹ́jú, wọn kò bára mu mọ́. Nígbà tó máa fi parí, ọdẹ ti pa ẹnu dé, ó ti ń nu ojú, ohùn rẹ̀ ṣì ń sun ìrèmọ̀jé lọ bí ẹni pé òkú ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìṣirò àkókò wa kò dọ́gba. Ọ̀kan nínú wa ń lo èyí tó wà lórí fúláàṣì, èkejì ń lo èyí tí wọ́n kọ sórí DVD, ẹ̀kẹta ń lo èyí tí a fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ìlà tí ọ̀kan ní ó wà ní ìṣẹ́jú kejìlélógún, èkejì ní rárá o, kò tíì débẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi bára wa jà lórí ohun tí kò yẹ kó jẹ́ ìjà.

A padà lọ bá Ẹ̀gbọ́n pé kó bá wa tún un gbà. Ó fi téèpù sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ jẹ téèpù. Ibi tó jẹ náà sì ni orí rẹ̀. Ohun tí a ò gbà lẹ́ẹ̀kíní, a kò lè gbà á mọ́ láéláé.

Kí ni wọ́n ń pè ní fíréèmù?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé, "Ṣé torí ìyẹn náà lẹ ṣe ń pariwo?" Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Fídíò kì í ṣe àwòrán tó ń rìn. Àwòrán tó dúró sójú kan ni, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn tí wọ́n sì ń sáré kọjá níwájú wa. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni fíréèmù. Lábẹ́ ìlànà PAL tí à ń lò ní Nàìjíríà, fíréèmù 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíréèmù kan gba ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 0.04. Wákàtí kan jẹ́ fíréèmù 90,000. Téèpù VHS tí wọ́n kọ E-180 sí lára, tó gba wákàtí mẹ́ta, gba fíréèmù 270,000. Nínú ẹ̀rọ VHS tiwa, ìlù kékeré tó ń ka téèpù náà ń yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípo kan, fíréèmù kan. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń kà á ní méní méjì, àwa ló ní kò sí ìyàtọ̀.

Bí fíréèmù kan péré bá ń já bọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ojú ènìyàn lè má rí i. Ṣùgbọ́n ní wákàtí kan, 360 ló ti lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 14 ó lé díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń gba ohùn ní pípé, tó sì ń ju àwòrán nù, bí ọdẹ wa ṣe pa ẹnu dé tí ohùn rẹ̀ ṣì ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè wa wò ó báyìí. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere, sílébù kan lè má ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bíi fíréèmù 5 nìyẹn. Ẹ mú òwe yìí: "A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù." Níbi tí olóòtú bá ti so apá méjì pọ̀ láìbìkítà, tí ó gé fíréèmù 10 sọnù pẹ̀lú ohùn wọn, "kì í" lè bá a lọ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ni pé, "A fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù." Òwe ti dorí kodò. Ohun tí àgbà ní kò ṣeé ṣe ti di ohun tí wọ́n ti ṣe parí, orúkọ àgbà yẹn ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí olùkọ́ ń fi bíírò pupa ṣe fún ẹni tó bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi àmì sí i. A máa ń fi àwọn oníwèé ìròyìn tí kì í fàmì sí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmì kékeré tó wà lórí fáwẹ́ẹ̀lì ló ń ya ọkọ tó fẹ́yàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tó ń lọ sí Ojota. Ohun tí àmì ohùn jẹ́ fún ọ̀rọ̀ kíkọ, òun ni fíréèmù jẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ sórí téèpù. Kí ló wá dé tí a fi ń jà fún ti àkọ́kọ́, tí a sì ń dákẹ́ lórí ti èkejì?

Ti onídùndún tún ju èyí lọ. Ohùn nìkan ni ìlù ní, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ohun tí àyàn ń sọ máa ń wo ọwọ́ rẹ̀: ìgbà tó fún ọṣán, ìgbà tó dẹ̀ ẹ́, ìgbà tí ọ̀pá kan awọ. Bí àwòrán bá ti fi fíréèmù 20 ṣáájú ohùn, ọwọ́ tó ń fún ọṣán yóò bọ́ sórí ohùn ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí a bá gbé ka orí irú téèpù bẹ́ẹ̀, orí omi la kọ́ ọ sí.

Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é

Ní ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ téèpù fídíò tó ṣeé lò fún iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde. Láyé ìgbà náà, abẹ ni wọ́n fi ń gé téèpù, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá ṣi ibi tó yẹ kó gé, ojú rẹ̀ yóò rí i lórí àwòrán. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sí fíréèmù kọ̀ọ̀kan lára téèpù. Timecode ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí 01:14:22:08, wákàtí kan, ìṣẹ́jú 14, ìṣẹ́jú àáyá 22, fíréèmù kẹjọ nìyẹn. Ní PAL, nọ́ńbà fíréèmù máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 00, yóò dé 24, yóò tún padà sí 00.

Ẹ ti wá ilé rí ní Kétu láìní nọ́ńbà? "Ilé tó ní géètì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ ó kan géètì dúdú mẹ́wàá kí ẹ tó rí ẹni tí ẹ ń wá. Ohun tí timecode ṣe nìyẹn: ó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ilé, kò sì sí ìjà mọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ bíi Betacam SP tó jáde ní 1986 tàbí Digital Betacam tó jáde ní 1993, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fi wáyà darí ẹ̀rọ. Olóòtú á kọ nọ́ńbà ibi tó fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó fẹ́ kó parí. Ẹ̀rọ kò ní kàn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò padà sẹ́yìn, lọ́pọ̀ ìgbà bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ìrìn rẹ̀ lè dúró dáadáa kó tó kan nọ́ńbà yẹn. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu kò tàdí mẹ́yìn rárá. Iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí orí téèpù wa fi ṣòfò.

Síbẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ kì í gba ẹ̀rọ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú téèpù tí wọ́n ti kọ timecode sójú àwòrán rẹ̀ gangan, wọ́n á gbà á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá fi èyí tó wà lójú àwòrán wé èyí tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Bí ojú àwòrán bá ní 08, tí kọ̀ǹpútà ní 10, a jẹ́ pé fíréèmù méjì ló fi yẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá ń fi méjì yẹ̀ nígbà gbogbo, a lè wò ó sàn. Bí ó bá fi méjì yẹ̀ lónìí, tó fi márùn-ún yẹ̀ lọ́la, kò sí nọ́ńbà tí a lè fi tún un ṣe, ẹ̀rọ náà kò ṣeé gbára lé. Òpùrọ́ tó ń pa irọ́ kan náà ṣeé bá gbé ju òpùrọ́ tó ń yí irọ́ padà lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ dá iṣẹ́ náà padà sórí téèpù, òfin kan náà ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òkùnkùn àti timecode kún téèpù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iṣẹ́ sí ibi tí nọ́ńbà sọ gẹ́lẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi téèpù ṣiṣẹ́, 10:00:00:00 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ètò ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwòrán kan lórí téèpù tó ti parí, tí ó sì fi fíréèmù kan péré yẹ̀, àwòrán àtijọ́ yóò yọjú fìrí, yóò tún lọ. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé ojú òun ló ń ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ ìkọ sísàlẹ̀ fíìmù náà ń kọ́? Nọ́ńbà fíréèmù ló ń sọ ìgbà tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò hàn àti ìgbà tí yóò lọ. Bí fíréèmù bá já bọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, òṣèré yóò ti pa ẹnu dé kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tó rẹ́rìn-ín ẹ̀fẹ̀.

Àwáwí tí a ti ń gbọ́

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Màmá mọ̀. Ojú kan náà tí wọ́n fi jókòó wo fúláàṣì náà ni wọ́n ti bi wá ní ìbéèrè tí a kò lè dáhùn. A ó padà sí ìyẹn.

"Kò sówó." Òótọ́ ni. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ra ẹ̀rọ Betacam, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tún ìrìn àwòrán ṣe kó tó wọ kọ̀ǹpútà kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n èwo nínú ohun mẹ́rin tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni owó fà? Kí a tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kí a tó tẹ ti ẹ̀rọ fídíò, ṣé owó nìyẹn? Kí a padà sẹ́yìn nígbà tí iná bá lọ, ṣé owó nìyẹn? Kí àwa mẹ́ta lo ẹ̀dà kan ṣoṣo ńkọ́? Àìbìkítà la sọ lórúkọ àìlówó.

"30 ju 25 lọ." Èyí ń dùn wá jù, torí pé wọ́n máa ń fi yangàn. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ló jẹ́ pé ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi sí i látilé, ìyẹn NTSC, tó ń lo fíréèmù 29.97. Bí ẹ bá fi téèpù PAL tó ní 25 sínú rẹ̀ tí ẹ sì ní kó mú 30 jáde, níbo ni márùn-ún yòókù yóò ti wá? Ẹ̀dà ni yóò ṣe, àwòrán yóò sì máa tá gìrì gìrì. Ẹni tó bu omi sí ọbẹ̀ kò sọ ẹran di púpọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí téèpù tí wọ́n gbà fún yín lọ́hùn-ún jẹ́ NTSC, ẹ fi í sílẹ̀ ní NTSC, kí tilé náà wà ní PAL. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ náà "drop-frame" dẹ́rù bà yín: kò sí àwòrán tó ń já bọ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń fò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àfi ní ìṣẹ́jú kẹwàá kẹwàá, tó fi jẹ́ 108 ní wákàtí kan, kí òǹkà lè bá aago mu.

"VHS kò ní timecode." Èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nínú gbogbo rẹ̀. Téèpù VHS ilé kò ní nọ́ńbà lára, kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹ̀rọ ilé lọ sí fíréèmù kan pàtó kó sì débẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn ń kọ́ wa? Ó ń kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan ni kí a gba téèpù náà, kí a gbà á tán, kí a má dúró lójú ọ̀nà, kí fáìlì àkọ́kọ́ yẹn sì di ibi tí gbogbo nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà ilé ni ó yẹ kó ṣọ́ra jù lójú ọ̀nà.

"Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wá, a kì í ṣe oníṣẹ́ fídíò." Ẹ dákun, kí ni à ń kà? Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà yẹn ni eré, ewì àti orin Yorùbá ti ń wọnú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1990, VHS ti di ilé ìkówèésí ilé kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ ìwé Ó Le Kú jáde, ọdún 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Nínú Ṣaworoidẹ tó jáde ní 1999, ìlù ni òpómúléró ìtàn náà. Àwọn wọ̀nyí la fi ń ṣe ìdánwò! Bí ìwé ìtàn àròsọ kan bá já lójú ewé mẹ́wàá, olùkọ́ kò ní jẹ́ ká fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí orúkọ àwọn òṣèré àti onílù ti lọ, tí ẹnu àti ohùn kò bára mu, ni a ń wò lórí fóònù tí a sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìtọ́kasí.

Ohun tí a ń béèrè

Sùúrù àti ìtìjú ni ohun tí a ń béèrè yìí gbà jù.

1. Kí ẹ tó gbé téèpù jáde nílé, ẹ ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀bu wà lára rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ téèpù. Ẹ ní kí wọ́n nu ẹ̀rọ kí wọ́n tó fi téèpù yín sẹ́nu rẹ̀.

2. Ẹ tẹ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ fídíò. Ẹ gba òkùnkùn tó wà níwájú, ẹ gba èyí tó wà lẹ́yìn. Gígé kò tíì kàn.

3. Bí iná bá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ padà sẹ́yìn tó ìṣẹ́jú kan, kí apá méjèèjì lè gun ara wọn, kí a lè rí ojú ibi tí a ó ti so wọ́n.

4. PAL, fíréèmù 25. Ẹ wò ó lójú kọ̀ǹpútà fúnra yín. Ètò kọ̀ǹpútà púpọ̀ máa ń ka iye fíréèmù tó já bọ́. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe òdo, ẹ wá ohun tó fà á, ẹ tún un gbà.

5. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo àárín, ẹ wo òpin. Ibi tí ẹnìkan ti pàtẹ́wọ́ ló dára jù: bí ọwọ́ bá pàdé tí ìró kò tíì dún, tàbí tó ti dún kọjá, ẹ má gbà á.

6. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó gba orí WhatsApp kọjá kì í ṣe orísun ìwádìí.

7. Bí ẹ bá ń da ọ̀rọ̀ kọ, ẹ fi nọ́ńbà sí i, dé orí fíréèmù, láti inú ẹ̀dà kan ṣoṣo. Kí ẹni tó bá jiyàn lè lọ síbẹ̀ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

8. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń bá yín ṣe é, kí ẹ sì sanwó tó tó fún un. A kò lè fún Ẹ̀gbọ́n lówó ọ̀kadà kí a retí iṣẹ́ bàálù. Òun náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kò ju tiwa lọ, nítorí a kò sọ ohun tí a fẹ́ fún un, a kò sì mọ̀ ọ́n wò nígbà tó kó o fún wa.

Ẹ̀yin àgbà tó ti jáde, ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ran ẹ̀ka èdè lọ́wọ́. Àsè ọdọọdún dára, a sì máa ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ VHS kan tó mọ́, ẹ̀rọ kan tó ń tún ìrìn àwòrán ṣe, kọ̀ǹpútà kan àti bátìrì tó lè gbé wọn tí iná bá lọ, ìyẹn yóò pẹ́ ju jọ̀lọ́ọ̀fù lọ.

Àkókò kò sí mọ́

Ní oṣù keje ọdún 2016 ni Funai ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, pa iṣẹ́ náà tì. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ nìkan ló kù, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, inú èkejì ni wọ́n ti ń yọ irin tún un ṣe. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán lágbàáyé, IASA, kéde pé ọdún 2025 ni kí gbogbo ayé fi ṣe òpin, nítorí lẹ́yìn rẹ̀, téèpù tí a kò bá tíì gbé sórí kọ̀ǹpútà yóò nira láti gbé. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín.

Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó rí téèpù kan gbà. Bí a ṣe gbà á lọ́jọ́ yẹn ni yóò ṣe wà títí. Ẹni tó fi àìbìkítà gbà á kò gbà á là rárá. Ó kàn fi ẹ̀dà tó bàjẹ́ rọ́pò èyí tó pé ni, ó sì ní kí a dúpẹ́.

Nígbà tí a gbé fúláàṣì padà fún Màmá ní Ìkòsì, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀bẹ̀ nítorí téèpù tí ẹ̀rọ jẹ. Wọn kò bínú. Wọ́n ní kí a tàn án kí àwọn wò ó. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí wa, wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti pe orúkọ bàbá mi ńkọ́?"

A kò rí ohun kan sọ. Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà, kí lẹ fẹ́ sọ?

Ẹ yí kóńgò padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ire o.